Ẹ̀rọ Tí Nùréènì Agbẹ́lẹ̀kùn Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Tò

Bí o bá rí ilẹ̀kùn kan ní Àgége tí wọ́n gbẹ́ ewé sí lára, tí ewé náà tutù lójú débi pé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o já a, má wulẹ̀ béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Nùréènì Àjàní ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún mọ́kànlélógójì lẹ́bàá ọ̀nà reluwé Àgége, ẹni tó bá sì tún pè é ní àlejò, ìjà ló ń fà. Àwọn olówó Ìkẹjà GRA a máa rán awakọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn alápatà Oko Ọba náà a máa wá, torí pé bí alápatà bá kọ́lé tán, ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ máa ń fi ṣe fáàrí.

Nùréènì kì í ya ewé yìí sórí bébà. Kò sí àwòrán rẹ̀ níbì kankan láyé, inú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló wà. Bí ẹ bá ní kó yà á fún yín, á ní kí ẹ gbé pákó wá. Ó ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ bíi mẹ́sàn-án, gbogbo wọn ló mọ ilẹ̀kùn kàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbẹ́ ewé yẹn, ṣe ló máa ń rí bí ewé tó ti sùn sínú oòrùn láti àná.

Ọwọ́ yìí gan-an ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Inú ife ògì ló ti kọ́kọ́ rí i. Ó rò pé ebi ni. Ó jẹun yó, ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, ó di ojú iṣẹ́: ó gbé ṣísẹ̀lì lé igi, ṣísẹ̀lì ń jó lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní oògùn á dín in kù díẹ̀, àmọ́ kí Bàbá má retí pé yóò lọ tán. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Nùréènì nígbà yẹn. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò sọ fún ẹnì kankan, àfi Sùlíyá ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ti mọ̀ ṣáájú kó tó sọ.

Oṣù yẹn náà ni àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọlé tọ̀ ọ́ wá. Wọ́n ti mú mọ́ṣáláṣí fẹ̀ sí i, ẹnu ọ̀nà ńlá ló kù, ewé Nùréènì ni wọ́n sì fẹ́ lára ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ààwẹ̀ tó wọlé. Oṣù mẹ́rin ló kù. Nùréènì ti ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò, ó ní, "In ṣá Allah." Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ó jókòó sórí ìdì pákó, ẹ̀rù bà á gan-an. Kì í ṣe ẹ̀rù pé ebi á pa òun. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ewé yẹn máa kú kí òun tó kú, òun á sì jókòó ti òkú rẹ̀.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ló ni ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ìyá Jemimah, ẹ̀rọ fótókọ́pì ló ń tún ṣe. Bí ọ́fíìsì kan ní Àgídìngbì bá pa fótókọ́pì tì, ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ló ń bọ̀, òun á tú u bí ẹni tú adìẹ, á to ẹ̀yà ara rẹ̀ sínú ike ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó gbọ́ lọ́jọ́ kan tí Nùréènì ju ṣísẹ̀lì mọ́ ògiri. Láti ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n ti jọ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé fóònù wá.

"Bàbá Aisha, ẹ wá wo nǹkan, ẹ jọ̀ọ́."

Nínú fóònù, apá irin kan gbé abẹ dání, ó ń rìn lórí pákó. Kò sẹ́ni tó dì í mú. Bó ti ń lọ ni òdòdó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, tó fín, tó mọ́. Nùréènì ní kó tún un ṣe. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kẹta.

"Subuhaanallahi! Ìyá Jemimah, ta ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ibi tó máa lọ fún un. Mọ́tọ̀ mẹ́ta ló ń wà á: ọ̀kan fún iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀. CNC ni wọ́n ń pè é."

"Mọ́tọ̀ tó báwo?"

Ìgbẹ́kẹ̀lé wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mú nǹkan dúdú kan tí kò ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ jáde láti inú ike, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Irú èyí. Òun ló ń yí bébà nínú fótókọ́pì. Bí ẹ bá ní kó lọ ìdajì irun orí, ìdajì irun orí ló máa lọ."

Nùréènì wo nǹkan náà títí. Láti ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní tuntun ju agbára wọn lọ, wọn ò tilẹ̀ jọ sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Àwa náà lè kàn án." Kì í ṣe ìbéèrè. Obìnrin náà sì ní, "A lè kàn án, sà."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Fótókọ́pì mẹ́ta tó ti kú ló fún wọn ní mọ́tọ̀ àti bẹ́líìtì. Ọ̀pá irin tó ń dán, tí ẹ̀rọ á máa yọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n rí i láàárín irin àlòkù. Kazeem wẹ́dà tó wà lódìkejì jó ẹsẹ̀ tábìlì mọ́ra fún wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń béèrè bóyá ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ń kàn kí òun lè wá àyè jókòó. Nùréènì fúnra rẹ̀ ló fi igi apá ṣe ojú tábìlì, ó sì ṣe òpó ìdábùú tó gbé abẹ kọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ó máa ń fi orúnkún ti igi, kó fi àyà tẹ̀ ẹ́, kó tó fa ayùn. Ìgbẹ́kẹ̀lé so wáyà, ó gbé ọpọlọ ẹ̀rọ náà sínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí bọ́tìnì rẹ̀ méjì ti yọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mira, ọkùnrin náà ní "Bísímílláhì," obìnrin náà ní "Halelúyà," ó sì tẹ bọ́tìnì. Apá irin rìn. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ló rìn, ó dúró, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kí òun. Orí Nùréènì wú. Ó ti kan àga, ó ti kan ibùsùn, ó ti kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò lè kà tán, kò sí èyí tó dìde rìn lójú rẹ̀ rí. Ó wá ilẹ̀ jókòó sí.

Àṣé iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n tó fi abẹ sí i, wọ́n de bírò mọ́ ọn pé kó ya róbótó. Ẹyin adìẹ ló yà. Wọ́n ní kó ya àpótí onígun mẹ́rin. Ó yà á, ó dára lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fa téèpù láti igun dé igun, tí wọ́n tún fà á láti igun kejì dé ìkejì, ọ̀kan fi mílímítà mẹ́rin gùn ju èkejì lọ. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á ní kí ni mílì mẹ́rin. Ewé Nùréènì, ibi tí ẹ̀ka ti pàdé ẹ̀ka kò ju mílì méjì lọ. Bí ẹ̀rọ bá wọ́ tó bẹ́ẹ̀, ewé á gun orí ara wọn bí èrò ọjà.

Wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru reluwé, pé bó bá ti ń kọjá ni ilẹ̀ ń mì. Wọ́n dúró kí reluwé lọ, wọ́n tún yà á: mílì mẹ́rin. Wọ́n ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ló dagun, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ. Mílì mẹ́rin. Wọ́n fẹ̀sùn kan bẹ́líìtì, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Nùréènì ń kí ìrun nọ́fílà. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà àwọn méjèèjì, mo mọ̀ pé ó gbọ́, ṣùgbọ́n mílì mẹ́rin ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Oṣù méjì ó dín díẹ̀ ló kù kí ààwẹ̀ wọlé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìgbẹ́kẹ̀lé wá béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ti béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Aisha, kí lẹ fi ń mọ̀ pé òpó yìí gún sí ojú tábìlì?"

"Síkúwíà mi ni. Kí lẹ tún fẹ́ kí n fi mọ̀ ọ́n?"

Síkúwíà ni irin onígun tí káfíńtà fi ń mọ ohun tó gún yàtọ̀ sí ohun tó wọ́. Ẹ gbọ́ bí síkúwíà yìí ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá ń gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ Ọ̀gá Jimoh, tó kọ́ Nùréènì níṣẹ́, ọmọ náà á ra síkúwíà tuntun wá. Ọ̀gá á gbé tuntun lé ti ara rẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, ọ̀gá á fi òòlù kékeré kàn án, á fi fáìlì rẹ́ ẹ, títí tuntun á fi gbà fún àgbà. Lẹ́yìn náà ló máa gbàdúrà sí i, ọmọ á dọ̀bálẹ̀ gbà á. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ iṣẹ́ ò ní yẹ síkúwíà yẹn wò mọ́ láéláé. Ta ló máa ní kí òun wò ó bóyá ọ̀gá òun gún?

Ìgbẹ́kẹ̀lé kò mọ gbogbo ìyẹn. Odidi ìdì bébà fótókọ́pì kan ló lọ gbé wá, tí wọn ò tíì tú, torí pé ẹ̀rọ ló gé igun rẹ̀, kì í wọ́. Ó gbé síkúwíà lé igun rẹ̀, ó sì gbé méjèèjì sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ là kọjá láàárín wọn, tín-ín-rín ní ìdí, ó ń fẹ̀ lọ sókè.

"Bébà ló máa wá kọ́ síkúwíà ọ̀gá mi níṣẹ́?" Inú bí Nùréènì gidi. "Ìyá Jemimah, ẹ gbé bébà yín lọ!"

Ó gbé bébà, ó lọ. Nùréènì dá dúró. Gbogbo káfíńtà ló mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yẹ síkúwíà wò, òun náà fi kọ́ ọmọ mẹ́sàn-án, wọ́n sì ń fi wo gbogbo síkúwíà àfi ti ọ̀gá: fi í fa ìlà kan sórí pákó, dojú rẹ̀ dé, fa òmíràn láti ojú kan náà. Bí ó bá gún, ìlà méjèèjì á di ọ̀kan. Ó gbé pákó arère kan sílẹ̀. Ó fa ọ̀kan. Ó dojú síkúwíà dé, ó fa èkejì. Ìlà méjèèjì yanu bí ẹnu sísọ́ọ̀sì.

Kì í ṣe pé ó wọ́ ló bà á lọ́kàn jẹ́. Ó rántí ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù rẹ̀. Síkúwíà tó rà wá lọ́jọ́ yẹn, tuntun gbáko, gún. Ojú rẹ̀ báyìí ni Ọ̀gá Jimoh ṣe fi fáìlì rẹ́ ẹ títí ó fi wọ́. Òun ló dúró tó ń wo irun irin tó ń já bọ́, kó tó dọ̀bálẹ̀ gbà á. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí Ọ̀gá kọ́, gbogbo èyí tí àwọn náà kọ́, síkúwíà kan náà ló wà lọ́wọ́ wọn káàkiri Àgége, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn tó dagun sínú férémù tó dagun bákan náà, ilẹ̀kùn ń bá férémù mu, ó ń tì pẹ́kẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀rọ nìkan ni kò bá wọn dọ̀bálẹ̀.

Ọ̀gá Jimoh ṣì wà láyé, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, lẹ́yìn Oko Ọba. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Nùréènì gbéra lọ bá a, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé síkúwíà síwájú rẹ̀. Ó ti mú un láti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ bí ẹni gbé ẹjọ́.

"Ọ̀gá mi, ẹ forí jì mí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò."

Bàbá náà gbé irin náà, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tọ́ igun rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀rọ kan ni, sà. Mo ń kàn án ni. Ó kọ̀, kò gún."

"Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi láti orí òrùlé," ni Ọ̀gá Jimoh wí. "O ò tíì dé Àgége nígbà yẹn. Èyí tí ọ̀gá tèmi gbàdúrà sí fún mi ni. Mo gbé e, mo rí i pé ó ti tẹ̀, ẹ̀rù bà mí láti sọ. Mo ní èyí tó bá gbọ́n nínú yín á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan, á wá bi mí. Nùréènì, ọdún àádọ́ta rèé! Ẹ̀yin ọmọ mi tẹríba jù." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà di omi ojú. Àwọn àgbà ní àṣegbé kò sí, àṣepamọ́ ló wà. "Lọ mú kó gún. Mo yọ̀ǹda. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mi, ìyẹn ló jẹ́ kó lè sọ òótọ́ fún mi."

Ó gbé ọwọ́ lé Nùréènì lórí, ó ṣàdúrà fún un bíi pé fíríìdọ́ọ̀mù ló tún ń ṣe.

Nígbà tí Nùréènì padà, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù Ìgbẹ́kẹ̀lé kó tó dé tirẹ̀. "Ìyá Jemimah, ẹ má bínú sí mi. Ẹ gbé bébà yín wá." Obìnrin náà gbé ìdì bébà tẹ̀ lé e. Wọ́n tú bóòtì òpó ìdábùú, wọ́n rọra ń tì í, wọ́n ń fa téèpù láti igun dé igun, wọ́n tún ń tì í, títí ọ̀nà méjèèjì fi gùn dọ́gba. Wọ́n de bírò mọ́ ọn. Bírò yí po, ó padà wá bá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò tàsé rẹ̀ rárá. Róbótó ni! Nùréènì fi ìka tọ ojú ìlà náà yí po lẹ́ẹ̀mejì, ìka ń gbọ̀n, ìlà ò gbọ̀n. Kò mọ ìgbà tó kígbe "Allahu Akbar," Kazeem sì sáré wọlé, ó rò pé ẹnì kan ti gé ọwọ́.

Ó wá ku ewé fúnra rẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè yà á. Sùlíyá ló ní, "Ṣé ewé yẹn kọ́ ló wà lára ilẹ̀kùn yàrá wa ni?" Nùréènì gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ le dáadáa. Wọ́n tẹ́ bébà lé e, wọ́n fi èédú ra á, ewé sì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbẹ́kẹ̀lé fi fótókọ́pì gbé bébà náà wọ inú kọ̀ǹpútà, ó fi ọjọ́ mẹ́rin tọ ìlà rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kò fi tirẹ̀ kún un, kò sì yọ nǹkan kan níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ààwẹ̀ wọlé, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, iná wà. Wọ́n gbé pákó màhógánì ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí lé tábìlì, wọ́n tẹ bọ́tìnì, abẹ sọ̀kalẹ̀. Nùréènì dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ewé àkọ́kọ́ jáde, kò rọ, kò sùn, ṣe ló tutù lójú. Bí abẹ ṣe ń wọ̀ ọ́ láti ìdí, tó ń fẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ṣóńṣó, bó ṣe ń dúró díẹ̀ kó tó yí, ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí yanrìn. Èjìká rẹ̀ ń bá a yí láìmọ̀. Ewé kejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ẹnu Nùréènì ò lè pa dé.

Nígbà tó di ewé keje, abẹ ṣàdéédé ta kúrò lójú ìlà, ó ha igi sí apá ọ̀tún, ó padà.

"Ẹ dá a dúró! Ó ti bà á jẹ́!"

Ìgbẹ́kẹ̀lé dá a dúró. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó fà á súnmọ́ ojú. "Kì í ṣe ẹ̀rọ, Bàbá Aisha. Ó wà lára ilẹ̀kùn yín bẹ́ẹ̀. Mo rí i nígbà tí mò ń tọ ìlà, mo ní bóyá bí ewé yẹn ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣé kí n pa á rẹ́?"

Nùréènì fẹ́ eruku igi kúrò, ó tẹjú mọ́ ibi tí abẹ ti ha igi. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Iwájú ilé ló ti ń gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn lọ́jọ́ náà, Sùlíyá wà nínú yàrá pẹ̀lú agbẹ̀bí láti òwúrọ̀, wọ́n ní kó wá nǹkan fọwọ́ ṣe kó yéé dà wọ́n láàmú. Ewé keje ló wà nígbà tí ọmọ ké nínú ilé, Aisha, ọmọ wọn àkọ́kọ́, ṣísẹ̀lì sì fò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ju òòlù sílẹ̀, ó wọlé. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ń ti ilẹ̀kùn náà, tó ń ṣí i, kò tún kíyè sí ibẹ̀ mọ́.

"Ẹ má dán an wò," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀."

Abẹ tún sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ sí ewé kẹjọ. Omi ń bọ́ lójú ọkùnrin náà, kò sì nù ún. Ó yọ fóònù, ọwọ́ ń gbọ̀n débi pé Ìgbẹ́kẹ̀lé ló bá a tẹ nọ́ńbà.

"Bàbá mi, ẹ káàárọ̀ sà," ni Aisha wí láti Ìbàdàn. "Mo wà níbi iṣẹ́. Kí ni ariwo tí mò ń gbọ́ yẹn? Ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Nùréènì wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ bí ní Àgége níbí ni, mo ní kí n sọ fún ẹ."